Orin Arò Tí Wọ́n Pa Rẹ́

Alága ìjókòó, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tí wọ́n kó sí iwájú kẹ́ ẹ má baà sùn, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀gá wa obìnrin, ẹ kú iṣẹ́ àtúnṣe. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ẹ̀yin àlejò tó jẹ́ pé oúnjẹ lẹ bá wá, ẹ̀yin gan-an ni mo kí jù, torí ẹ ò fi ṣe ojú ayé. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Mo gbọ́ gbogbo ohun rere tẹ́ ẹ sọ nípa mi láàárọ̀ yìí tí mò ń fẹ̀yìn tì. Mo wẹ̀yìn wò, mo rò pé ẹlòmíì ló wọlé. Ṣé èmi náà ni, èmi tẹ́ ẹ ń pè ní Bàbá Òkú? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa ń fara mọ́ ògiri tẹ́ ẹ bá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà sítúdíò, bí ẹni pé orúkọ yín ló wà lápò mi? Ẹ ṣeun, ìfẹ́ yín pọ̀.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ṣe ní rédíò yìí: mo ń ka orúkọ àwọn tó kú, mo sì ń fi orin arò kan ṣáájú. Ẹ mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan ló ń dá a kọ, kò sí ìlù, kò sí fèrè:

Mo ṣílẹ̀kùn, n ò rí ọ,
Mo pè ọ́, o ò jẹ́ mi,
Ta ni kí n gbé oúnjẹ kalẹ̀ dè?

Àwọn obìnrin á gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná. Àwọn awakọ̀ á sáré yí rédíò síbòmíì. Ẹkún yín yẹn ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta yanjú.

Ìgbà tó yá, ọ̀gá wa gbé ọgbọ́n dé. Wọ́n ní orin náà ń lé àwọn tó ń polówó ọjà sá. Òótọ́ mà ni! Ta ló fẹ́ ra ọṣẹ lẹ́yìn tó ti sunkún tán? Ni wọ́n bá fi orin kan tó ń ta kìtìkìtì rọ́pò rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ikú bàbá yín báyìí, ẹ lè kọ́kọ́ jó sí i díẹ̀ kẹ́ ẹ tó bú sẹ́kún. Ìlọsíwájú rèé, àbí kí lẹ tún ń fẹ́?

Lánàá, mo ní kí wọ́n fún mi ní orin mi kí n máa gbé e lọ sílé. Wọ́n ní àwọn ti pa á rẹ́, kí ẹ̀rọ tuntun lè ráyè. Mo ní ẹ ṣeun. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún bí ọmọdé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyàwó mi ló kọ orin yẹn. Ẹ ò mọ̀, torí ẹ ò béèrè. Ọ̀fìnkìn ń bá a jà lọ́jọ́ tá a gbà á sílẹ̀, ẹ̀yin rò pé ìbànújẹ́ ló ń mú ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Lọ́jọ́ tí òun náà kú, èmi ni mo fi orin náà sórí afẹ́fẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọrin sí ikú ara rẹ̀, èmi sì ka orúkọ rẹ̀. Látìgbà yẹn, ibí nìkan ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Mi ò ní in nílé.

Fáànù tẹ́ ẹ fún mi dára, yóò fẹ́ mi dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tọrọ nǹkan kan. Ẹni tó bá gba ìkéde òkú èèyàn rẹ̀ sílẹ̀ nínú yín, ì báà jẹ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì, ì báà jẹ́ sórí fóònù, mo bẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ kí n gbọ́ ọ, torí orin náà á wà níwájú rẹ̀.

Ẹ ń wo ara yín. Ó dáa.

Ta ló nawọ́ lẹ́yìn yẹn? Akáńtì? Ìwọ tó o máa ń ti ilẹ̀kùn gbàgà tí orin náà bá ti bẹ̀rẹ̀? Ti ìyá ẹ ni? O ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lo máa ń gbọ́ ọ lórí fóònù ẹ? Má dìde, ọmọ mi. Èmi ni n ó wá bá ọ níbẹ̀.

Ẹ̀yin yòókù, Ọlọ́run á dá gbogbo wa sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn nílé, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ o, bó jẹ́ èébú ni wọ́n ń bú yín. Ọ̀gá wa, ayé yín á dùn, etí yín ò ní di.

Ẹ ṣé o. Ọmọ mi, tẹ̀ ẹ́, ká gbọ́ ìyàwó mi àti orúkọ ìyá ẹ.