Owó Féèpù Ti Ju Owó Tábà Lọ

Má kí mi, Kirsty! Ṣé ìkíni ni mo bá wá ni? Gba féèpù yìí lọ́wọ́ mi, sìgá oníbátìrì tí o tà fún mi, kí o gbóòórùn ẹ̀. Gbóòórùn ẹ̀, mo ní! Kọ́ìlì inú ẹ̀ tún ti jóná. Ìkẹjọ rèé láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá! Kọ́ìlì tí o fẹnu ara ẹ sọ fún mi pé ọ̀kan á lò tó ọ̀sẹ̀ kan, ó jóná lánàá kí n tó jẹun ọ̀sán tán, gbogbo ọ̀nà ọ̀fun mi wá ń rùn bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mo ti wà láyé, èmi Trevor, mo sì fi ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta mu tábà nínú ẹ̀. Tábà ò dán irú èyí wò pẹ̀lú mi rí.

Rárá, mi ò jókòó. Ẹni tí wọ́n ń jà lólè, ṣé ó ń jókòó ni?

Jẹ́ n ṣírò ẹ̀ lójú ẹ, kí ọkùnrin tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn náà gbọ́, kó tó kó owó ẹ̀ jáde. Tábà mi, àpò kan ni lọ́sẹ̀, pọ́ùn méjìdínlógójì. Ó wọ́n, mi ò sọ pé kò wọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń rà. Mo dé ọ̀dọ̀ ẹ, o rẹ́rìn-ín sí mi, o ní, “Bàbá, pọ́ùn mẹ́wàá péré lẹ ó máa ná lọ́sẹ̀.” Pọ́ùn mẹ́wàá! O gbé nǹkan yìí fún mi, pọ́ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo ní kò burú, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Omi tí wọ́n ń rọ sínú ẹ̀, ìgò tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ, pọ́ùn mẹ́rin. Ìgò mẹ́wàá ni mo ti rà! Ìgò mẹ́wàá, Kirsty! Kọ́ìlì, irin bíńtín tó ń gbóná nínú ẹ̀, tí kò tó eyín ọmọdé, páálí kan pọ́ùn méjìlá, mo sì ti ra páálí méjì. Rò ó pọ̀. Ó di pọ́ùn mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni tábà ì bá gbà lọ́wọ́ mi. Èwo ló wá dínwó nínú ẹ̀? Sọ fún mi. Ibo ni pọ́ùn mẹ́wàá yẹn wà?

O ní bó ṣe ń rí fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé ó máa ń wọ́n níbẹ̀rẹ̀. Hẹn-ẹn. Ìgbà wo ni ìbẹ̀rẹ̀ ń parí? Ṣé nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì mi bá tán ni?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo ti jókòó sínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé mi, mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Iná pupa kékeré tó wà níwájú ẹ̀ yìí, kí ló ń ṣẹ́jú fún? Ta ló ń ṣẹ́jú sí? Nọ́ńbà tún wà lábẹ́ ẹ̀ tó ń ka iye ìgbà tí mo bá fà á. Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ìṣírò? Ẹni tó bá ń ka nǹkan, ó ní ẹni tó fẹ́ ròyìn ẹ̀ fún. Lọ́jọ́ Sátidé, omi inú ẹ̀ tán. Nígbà tí mo wọlé síbí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, o ti to ìgò méjì sórí káńtà dè mí! Mi ò tíì la ẹnu. Báwo lo ṣe mọ̀?

Torí pé ojoojúmọ́ ni mò ń wá? Hẹn-ẹn. Ó dáa. Mo gbọ́.

Ken ńkọ́? Ken aládùúgbò mi, ṣé ọ̀dọ̀ ẹ kọ́ ló ti ra tiẹ̀ ni? Irú kan náà ni, àwọ̀ kan náà. Kọ́ìlì Ken ti lo ọjọ́ mọ́kànlá, ó ṣì ń rú èéfín bí ẹni pé àná ló rà á. Mo bi í pé kí ló ń ṣe tí tiẹ̀ ò fi ń jóná, ó ní òun ń mu ún jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́! Ken, tó jẹ́ pé sìgá inú páálí ló ń mu láti kékeré, tí kò fi ọwọ́ ara ẹ̀ wé tábà rí láyé, òun wá ni kọ́ìlì ń bọ̀wọ̀ fún? Àbí torí pé òun àti bàbá ẹ jọ ń mutí ni o ṣe ń ta ojúlówó fún un, tí o wá ń kó àlòkù fún èmi?

Má faraya. Mi ò sọ pé o jalè. Mo ní ẹnì kan ń jà mí lólè, inú ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo sì ti ń rà á. Ìwọ náà bá mi rò ó.

Mo mọ ìyá tó bí ẹ. Pauline àti Maureen ìyàwó mi jọ gé ẹja lórí tábìlì kan náà fún ọdún mẹ́tàdínlógún, nígbà tí ẹja ṣì ń wọ Fleetwood yìí bí omi òjò. Pauline ò jẹ́ fi ẹja tó ti rà sábẹ́ ẹja tútù, kò jẹ́ ṣe é láé! Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì kan tún wà nílé ìwòsàn, ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Ó ní kí n lọ bá àwọn tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti fi sìgá sílẹ̀, pé wọ́n á fún mi ní féèpù kan pẹ̀lú omi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́fẹ̀ẹ́! Ta ló ń fún èèyàn ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ láyé yìí? Wọ́n ní kí n kọ orúkọ, kí n kọ ojúlé, kí n kọ ọjọ́ orí. Mo ní ẹ kú iṣẹ́, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Mo wá kó owó mi wá sọ́dọ̀ ẹ, torí mo mọ ìyá ẹ. Wo ibi tí ìmọ̀ gbé mi dé!

Kí ló dé tí o ń wò mí bẹ́ẹ̀? Ó kù díẹ̀ káàtó, àbí? Máa wò mí.

Ṣé o tiẹ̀ mọ ohun tó ń lé mi? Maureen ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Furaidé. Ọ̀túnla! Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló ti wà lórí ibùsùn nílé ìwòsàn ní Blackpool, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ò gbé e mọ́, ọ́síjìn inú àgbá ló fi ń mí, wọ́n sì fẹ́ gbé ọ́síjìn náà tẹ̀lé e wálé. Obìnrin kan tí ilé ìwòsàn rán wá wo ilé wa. Ó gbóòórùn kọ́tìnnì, ó gbóòórùn àga mi, ó yí sí mi, ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni, iná àti ọ́síjìn ò gbọdọ̀ pàdé nínú yàrá kan. Tí ẹ bá ṣì ń tanná sí tábà nílé yìí, mi ò ní buwọ́ lùwé, ìyàwó yín ò sì ní padà síbí.” Féèpù pàápàá, ó ní kò gbọdọ̀ wọlé, inú ṣẹ́ẹ̀dì ni kó mọ. Mo gbà. Ó ní òun á tún wá láàárọ̀ ọjọ́ Furaidé, òun á tún gbóòórùn gbogbo ẹ̀, kí wọ́n tó gbé Maureen kúrò ní Blackpool. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Preston ni wọ́n ń gbé e lọ. Preston, Kirsty! Obìnrin tí kò sùn síbi tí kò ti gbọ́ ariwo ẹyẹ òkun rí.

Mo lọ kí i lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó yọ ike imú ẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Trevor, mi ò ní bẹ̀ ọ́. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti fi sìgá tèmi sílẹ̀, tí mo ń bẹ̀ ọ́, ó ti rẹ̀ mí. Ṣáà sọ fún mi bóyá kí n ní kí wọ́n kó aṣọ mi lọ sí Preston.” Kò bínú o. Ì bá sàn kó bínú. Èmi tí ìgbì òkun gbé ọkọ̀ ìpẹja wa dojú dé, tí mi ò sunkún, mo jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé ìwòsàn yẹn, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

O wá rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ pọ́ùn nìkan. Tí nǹkan yìí bá jóná lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ni kí n mu? Kí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe?

Kí lo wí? Kí n fà á kí o rí i? Kí lo fẹ́ rí níbẹ̀? Ẹni tó ti ń fa èéfín kí wọ́n tó bí ìyá... kí wọ́n tó bí ìwọ, o fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fa èéfín! Ó dáa, fi kọ́ìlì mìíràn sí i. Owó ẹ ni, kì í ṣe tèmi, mo kọ́kọ́ sọ ọ́ o. Gbé e wá. Wò ó. Mo mú un báyìí, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó báyìí, torí atẹ́gùn. Atẹ́gùn wo? Atẹ́gùn tó ń ti ojú òkun wọ ṣẹ́ẹ̀dì mi ni! Mo wá fà á. Mo fà á. Mo fà á. Mo fà á, mo fà á, kó má baà...

Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Ṣé mo jọ aláwàdà lójú ẹ ni?

Kó má baà kú ni! Kí ló tún yẹ kó jẹ́? Tábà tí èèyàn fọwọ́ wé, tí o bá gbàgbé ẹ̀ kí o tó ka ení èjì, ó ti kú. Lórí ọkọ̀ wa nígbà yẹn, atẹ́gùn ń fẹ́, omi ń ta sí èèyàn lójú, ìṣáná ti tutù, ẹni tó bá jẹ́ kí tiẹ̀ kú, kò rí nǹkan kan mu mọ́ títí ọkọ̀ á fi gúnlẹ̀. O ní láti fi ọwọ́ bò ó, kí o máa fà á léraléra. Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn ní ọmọ ogún ọdún ó lé méjì.

Kí lo wí?

Tún un sọ.

Kì í kú? Kò sí iná níbẹ̀ tó lè kú? Ṣé pé tí mo bá fà á lẹ́ẹ̀kan, kí n gbé e kalẹ̀, kí n lọ bomi tíì kaná, kí n padà wá, ó ṣì wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀? Òwú inú ẹ̀ ni kì í ráyè mu omi, ló ṣe ń jóná? Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni mo sì ń fi ọwọ́ mi dí?

Áà! Mo gbé! Ọjọ́ mẹ́rìnlá, Kirsty! Mo fi oúnjẹ sílẹ̀ lórí tábìlì kó má baà kú. Mo gbé e lọ sí ilé ìgbẹ́ kó má baà kú! Ken ń wò mí láti orí ògiri, ó rò pé orí mi ti dàrú, kò sì bi mí ní nǹkan kan. Ọ̀dàlẹ̀ ni Ken.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi? O ní wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tó wà nínú páálí? Ìwé wo? Èyí tí lẹ́tà inú ẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ èèrà yẹn? Gbọ́, ohun tí wọ́n bá kọ wínníwínní, wọn ò fẹ́ kí á rí i ni. Mi ò gba ti ìwé yẹn. Ìwọ ni mo gbà gbọ́, ìwọ náà, díẹ̀ ni.

Ọkùnrin yẹn ti lọ? Ó dáa. Ti ilẹ̀kùn.

Mo ti ra tábà. Má pariwo! Láàárọ̀ yìí ni, kí n tó wá síbí. Òun rèé lápò mi. Wo ẹnu ẹ̀, mi ò tíì já a. Mo dúró lẹ́yìn ilé ẹja díndín, èékánná mi ti wà lẹ́nu ẹ̀, ni mo bá ní kí n kọ́kọ́ wá bá ẹ jà. Mo ní tí o bá jẹ́ olè lóòótọ́, màá já a, màá mu ún, ẹ̀bi Preston á sì wà lọ́rùn ẹ, kò ní wà lọ́rùn mi. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ kí o jẹ́ olè, Kirsty. Mo bẹ Ọlọ́run ní gbogbo ọ̀nà pé kí o jẹ́ olè.

Gbà á. Gbà á lọ́wọ́ mi kíá, kí n tó yí ọkàn padà. Má jù ú nù o, owó ni mo fi rà á! Kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn ẹ yẹn, kí o tì í, kí o mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. Tí mo bá wá lọ́la pé kí o kó o fún mi, má kó o fún mi. Tí mo bá bú ẹ, má kó o fún mi. Tí mo bá sunkún, tí mo ní Maureen ti kú, má kó o fún mi, irọ́ ni mò ń pa.

Kí lo tún ń dúró wò? Mú bírò. Kọ rìsíìtì fún mi. O tún ń rẹ́rìn-ín! Kọ ọ́, mo ní! Kọ pé àpò tábà kan, àádọ́ta gíráàmù, ẹnu ẹ̀ ò já, kí o kọ ọjọ́ òní sí i, kí o buwọ́ lù ú. Mi ò mọ ohun tí o fẹ́ fi tábà mi ṣe.