Èmi Ló Ń Hanrun

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ ibí, ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti lo ọdún mẹ́fà nínú mi, ó sì ti kẹ̀ síbẹ̀. Bí mo bá tún gbé e mì lónìí, òun ni yóò pa mí kí àìsàn tó ráyè pa mí. Ariwo tó ń mi ògiri ilé yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, èmi ló ń pa á. Èmi ló ń hanrun. Kì í ṣe ìyá yín.

Ẹ má rò pé irọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Òtútù mú ìyá yín lọ́dún kan, imú rẹ̀ dí fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì hanrun lóòótọ́. Òtútù lọ, ṣùgbọ́n èmi ṣì ń ta jí, etí mi á kún fún ariwo kan tó ń rọlẹ̀ bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Tí mo bá wo ẹ̀gbẹ́ mi, òun ni mo rí. Ta ni kí n dá lẹ́bi? Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ láti yàrá yín, ẹ bi mí, mo ní ìyá yín ni, ẹ sì gbà, torí kí ni bàbá máa fi irọ́ oorun ṣe? Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé, “Bàbá wọn, ẹ̀yin náà máa ń hanrun o.” Mo yarí kanlẹ̀. Mo ní ta ló ń sùn tó tún ń gbọ́ràn? Lọ́jọ́ kejì mo ránṣẹ́ pe ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ro ẹjọ́ oorun bí ẹni tí wọ́n kó lẹ́rù lọ. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ sọ? Ẹ ní, “Àbúrò mi, wá nǹkan ṣe sí i. Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ sùn.” Ojú tì í débi pé kò lè gbórí sókè.

Àkọ́bí mi, ìwọ lo mú pílásítà imú dé láti ilé oògùn tí o ti ń ṣiṣẹ́. O ní kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀, pé ọ̀pá pẹlẹbẹ kan ló wà níbẹ̀ tó máa ń fẹ́ nà, tó fi ń mú kí ihò imú fẹ̀ kí èémí lè ráyè kọjá. O kọ́ ìyá rẹ bí yóò ṣe fọ imú, tí yóò nù ún gbẹ, tí yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi mú. O ní kó máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́ láàárọ̀ kó tó ṣí i. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ rẹ̀ ń pè é, ó ń kánjú, fàà ni yóò fà á ya. Awọ orí imú rẹ̀ bó, ó jinná, ó tún bó. Ẹni tó ń po lọ́fínńdà tà, tí oníbàárà ń sún mọ́ lójúkojú! Obìnrin kan bi í pé, “Ṣé ọkọ ń nà yín ni?” Ó fi ẹ̀rín gbé e. Láràárọ̀ ni yóò bi mí pé, “Ṣé ó dín kù?” Láràárọ̀ ni mo ń sọ pé rárá. Inú ń bí mi sí i, inú ń bí mi sí páálí pílásítà náà, mo ní wọ́n fi gbájú-ẹ̀ tà á fún wa. Báwo ni yóò ṣe ṣiṣẹ́? Imú ẹlòmíì la ń lẹ̀ ẹ́ mọ́!

Ẹ mọ Abẹ́rẹ́, ọkùnrin tín-ín-rín tí a jọ ń ran àga tìmùtìmù ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sùn lọ sórí àga oníbàárà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi aṣọ tuntun bò. Nígbà tí mo máa jí, ẹ̀rín ti pa wọ́n kú. Abẹ́rẹ́ ti fi fóònù gba ohùn mi sílẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ gbọ́ ara yín. Ẹni tó ni àga dé, ó ní ká kọ́kọ́ pa ẹnjínnì tó wà lórí ẹ̀.” Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ ohùn náà. Òun náà ni mo ti ń fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan ìyá yín láti ọdún mẹ́ta, kò fi nǹkan kan yẹ̀: bó ṣe ń rọlẹ̀, bó ṣe ń dákẹ́ bí ẹni tó kú, bó ṣe tún ń bú jáde. Mo bẹ Abẹ́rẹ́ kó pa á rẹ́. Ó ní, “Ẹ̀fẹ̀ lásán ni, ọ̀gá.” Mo ní kó ṣáà pa á rẹ́.

Bí mo ṣe ń lọ sílé, mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Mo bá ìyá yín níwájú dígí, ó ń tẹ pílásítà mọ́ ojú egbò. Ó ní, “Irú míì nìyí, wọ́n ní ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ṣáà fara dà á fún mi.” Mo la ẹnu. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni, “Kí la máa jẹ?” Ẹnu yìí, tó mọ ẹjọ́ rò, kò mọ òótọ́ kan ṣoṣo sọ! Kò pẹ́ sígbà náà ló ní kí òun máa lọ sùn ní pálọ̀ kí n lè sinmi. Ẹ̀rù bà mí. Bó bá lọ, tí ariwo kò sì tẹ̀ lé e lọ ńkọ́? Mo ní ó ti o, ibi tí mo bá wà ni aya mi máa wà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ọkọ rere ni mí.

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu nígbà tí mo bá rántí èyí tó kù. Nígbà tí pílásítà kò ràn án, dókítà imú yẹ ìyá yín wò, ó ní egungun àárín imú rẹ̀ wọ́ díẹ̀, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló rí bẹ́ẹ̀, kò tó ohun à ń gbé ọ̀bẹ sí, àfi bí ìhanrun náà bá ti ń da ilé rú. Ó kọjú sí mi: “Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń sùn tì wọ́n, ọ̀rọ̀ yín ni màá tẹ̀ lé. Ṣé ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?” Bí mo bá ní rárá, ọ̀rọ̀ parí. Mi ò tiẹ̀ ní láti jẹ́wọ́ nǹkan kan! Ṣùgbọ́n mo ro ti Ẹ̀gbọ́n, mo ro ti gbogbo àwọn tí mo ti fi ìyá yín ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú wọn, mo ní, “Dókítà, ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.” Mo gba bírò, mo fọwọ́ síwèé iṣẹ́ abẹ.

Ojú ọgbẹ́ jinná, ṣùgbọ́n ìyá yín kò gbóòórùn mọ́. Dókítà ní kò wọ́pọ̀, pé kó ní sùúrù. Obìnrin tó jẹ́ pé tí o bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, yóò sọ irú ọṣẹ tí o fi wẹ̀! Lọ́jọ́ tó padà sí ìsọ̀, ó ń ṣí ìgò kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń gbé wọn símú, ó ń gbé wọn sílẹ̀. Ó na ọ̀kan sí mi: “Bàbá wọn, ẹ bá mi gbóòórùn èyí.” Mo ní ó dùn. Ó ní, “Ó dùn bíi kí ni?” Mi ò mọ̀. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìgò padà. Lọ́jọ́ tó ti ìsọ̀ náà pa, ó bi mí pé, “Ìhanrun yẹn ńkọ́?” Mo ní ó ti lọ pátápátá. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ó ṣáà ní èrè kan.”

Kí irọ́ yẹn lè dúró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ pílásítà tó ṣẹ́ kù mọ́ imú ara mi tí ó bá ti sùn, màá sì ṣí i kó tó jí. Àkọ́bí mi, o bi mí nípa àpá orí imú mi, mo ní awò ojú ló ń tẹ̀ mí. Ó dín ariwo kù, ṣùgbọ́n èémí mi kò yé já. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ó ti rẹ ọkàn mi tipẹ́ nítorí èémí tó ń já lóru, pé ẹ̀rọ ni màá máa fi bo imú sùn ní ọjọ́ tó kù fún mi, wọn ò sì ṣèlérí pé ó pọ̀. Dókítà ní, “Ẹ mú ẹni tó ń sùn tì yín wá. Kí ló dé tí wọn ò sọ fún yín?”

Láàárọ̀ yìí ni mo sọ fún un. Kò sunkún. Ó ní, “Lọ́jọ́ tí ẹ fọwọ́ síwèé, ṣé ẹ ti mọ̀?” Mo ní mo ti mọ̀. Ó gbé aṣọ tó ń ká sílẹ̀. Ó ní, “Pe àwọn ọmọ. Pe ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnu tí o fi rojọ́ mi, òun ni kí o fi tú u.” Ẹ gbọ́? “O”. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó, kò sọ “o” sí mi rí.

Ẹ̀yin ọmọ, ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé ẹ jẹ̀bi, ẹ sọ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rín ni ìyá yín ì bá fi mí rín. Ọ̀rọ̀ oorun lásán! Àkọ́bí mi, nu ojú rẹ, ọwọ́ rẹ mọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì dìde. Ìyá wọn, mi ò sọ pé kí o dárí jì mí lónìí, mi ò ní ojú tí màá fi bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti dé lo ti jókòó sọ́hùn-ún yẹn tí o dákẹ́; ṣáà sọ̀rọ̀. Bó jẹ́ èébú ni, bó jẹ́ “jáde nílé” ni, sọ ọ́ kí n gbọ́. Mo mọ bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe ń ṣe èèyàn léṣe, torí òun ni mo fi ṣe ọ́. Má fi ṣe mí.