Lọ́yà Nesheim Kọ́ Ló Sọ Lẹ́tà Náà Nù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Dókítà ti bá mi sọ òótọ́, ó tó àkókò kí èmi náà sọ tèmi.

Ọdún tí ìjọba fi owó Udoji kún owó oṣù òṣìṣẹ́ ni mò ń tẹ táípù fún Lọ́yà Nesheim, ará Norway, ní ilé-iṣẹ́ tó ń hun àwọ̀n ìpẹja ní Ìsọlọ̀. Ayé dẹrùn nígbà náà, iṣẹ́ ló ń wá èèyàn kiri. Bí a bá jáde nírọ̀lẹ́, àwa ọmọge á wọ bàtà gogoro, a ó máa rẹ́rìn-ín títí dé Òṣòdì. Lọ́yà kì í gbéra ga. Ẹ̀wà tí Rùfáì tó ń darí ẹ̀rọ bá rà lòun náà ń jẹ. Lọ́jọ́ kan ni ẹ̀rọ gé ọwọ́ ọ̀tún Rùfáì.

Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Babáṣọlá, ní àìfarabalẹ̀ Rùfáì ló fà á. Irọ́ ni. Lẹ́tà kan wà tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí, pé kí wọ́n má tíì tún ẹ̀rọ náà ṣe. Lọ́yà rí i. Ilé-iṣẹ́ ló gbà á síṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní purọ́ mọ́ ẹni tó pàdánù ọwọ́. "Beatrice, bá mi tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa mú un lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ Rùfáì."

Ọ̀gá pè mí. "Mo gbọ́ pé àbúrò ẹ, Ajíbọ́lá, fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ilé-iṣẹ́ lè rán an lọ sí Norway lóṣù tó ń bọ̀. Lẹ́tà yẹn ńkọ́?"

Mo gbé e fún un. Èmi tí mò ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Lọ́yà tú gbogbo dúrọ́ọ̀. Mo ní, "Sà, ọwọ́ yín ni mo rí i kẹ́yìn." Ó gbà mí gbọ́. Rùfáì lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Sàfúrátù, ìyàwó rẹ̀, wo Lọ́yà lójú, ó ní, "Òyìnbó, ẹ ti tà wá." Èmi ni mo ṣe ògbufọ̀ rẹ̀ fún un. Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Lọ́yà ní kí n bá òun tẹ ìwé tí òun fẹ́ fi fiṣẹ́ sílẹ̀, pé ẹni tí kò lè tọ́jú ìwé ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, kò yẹ lẹ́ni tí à ń pè ní lọ́yà. Mo tẹ̀ ẹ́ láìṣi ọ̀rọ̀ kan.

Ajíbọ́lá ló kọ̀wé sí mi láti Norway lọ́dún 1979 pé Lọ́yà ti di aṣòfin ní ìlú wọn, pé òfin tó kọ́kọ́ gbé wá ni ti òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ bá ṣe léṣe. Ibi gbogbo tó bá ti ń sọ̀rọ̀ ló ti ń dárúkọ Rùfáì, á sì ní, "Èmi ni mo sọ lẹ́tà rẹ̀ nù." Lọ́yà kú lọ́dún tó kọjá, ẹ̀bi mi lọ́rùn rẹ̀.

Rùfáì náà ti lọ. Sàfúrátù ṣì wà ní Ìsọlọ̀ níbí. Ẹ gbé mi lọ bá a, kí n fi ẹnu ara mi sọ fún un pé òyìnbó yẹn ò tà wọ́n. Bó bá dárí jì mí, mo dúpẹ́. Bí kò bá dárí jì mí, ẹ má bẹ̀ ẹ́.