Dókítà Ni Mi Ò Mọ̀

Ilé ìwòsàn ojú kan ní Rumuokwurushi, tó jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu tọkọtaya àgbàlagbà kan tó jókòó tì mí, tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún bàbá náà.

"Dìde ká máa lọ sílé," ni bàbá wí. "Ojú mi ṣì ń ríran díẹ̀."

"Àná lẹ kí òpó iná ní Eliozu, tí ẹ pè é ní pásítọ̀," ni ìyá fèsì.

"Ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà mí."

"Ẹ̀yin ṣọ́jà, tí ẹ fi ọgbọ̀n ọdún gbé ìbọn?"

"Èmi ni mo gbé ìbọn. Ẹlòmíì ló máa mú ọ̀bẹ dání."

"Ṣebí ẹ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè pé ẹ ti fa ojú yín lé Ọlọ́run lọ́wọ́?"

"Mo mọ Ọlọ́run. Dókítà ni mi ò mọ̀."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ọlọ́run tí ẹ mọ̀ mọ dókítà."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì yọjú, tó ní, "Papa, na your turn," bàbá dìde, ó bọ́ fìlà fún ìyàwó rẹ̀, ó rọra ní, "Olúwa, èmi nìyí," ó sì wọlé.

Bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé, ìyá yíjú sí mi. Ó ti rí i pé mo ń rẹ́rìn-ín, ó sì mọ̀ pé mo gbọ́ Yorùbá. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, bá mi gbàdúrà. Ẹ̀rù ń bà mí ju bàbá yẹn lọ."