Mo Parọ́ Mọ́ Mama Marthe

Àsíátù ọmọ mi, jókòó. Dókítà ní kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun pẹ́ jù, mi ò fẹ́ gbé e wọ sàréè. Kì í ṣe àjẹ́ ló pa ìyá rẹ. Èmi ni.

Ọdún 1976 ni, nígbà tí ìjọba ológun ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní camarade. Èmi Ògúnrìndé ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ révolution níbí ní Banigbé, ẹnu mi sì mú ju àdá lọ. Sìdíkátù ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn, mo bá mú un lọ sinmi létí òkun ní Grand-Popo. Ìlú jẹ́jẹ́ ni: ilé àtijọ́, igi àgbọn, àwọn apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe. Arúgbó kan, Mama Marthe, ló gbà wá sílé. Ó ti ṣòwò ní Igolo rí, ó gbọ́ èdè wa dáadáa. Bó bá dín ẹja fún ìyá rẹ, á kọ́kọ́ yọ eegun rẹ̀ kúrò. Obìnrin tí mo ṣe níkà nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹta, ó kìlọ̀ fún wa: "Ẹ má wọ omi lónìí o. Ọjọ́ ìsinmi òkun ni, apẹja kankan ò lọ. Ó lè gbé èèyàn lọ."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Mama, féodalité nìyẹn, àṣà ayé àtijọ́! Révolution ti pa á rẹ́."

Ó ní, "Fi révolution sílẹ̀, camarade. Wo omi."

Kí ni mo fẹ́ wò? Odò tí a ti ń rẹ ẹ̀gẹ́, tí kò kọjá orúnkún, nìkan ni mo mọ̀. Mo fa ìyá rẹ dé etí òkun. Ó ní, "Bàbá Àsíátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jẹ́ ká padà." Mo bi í pé ṣé ó fẹ́ kí arúgbó yẹn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a wọ inú omi. Ìgbì kan dé, iyanrìn yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ìgbì kejì já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Rárá, irọ́ tún ni. Èmi ni mo jù ú sílẹ̀, kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì rápálá jáde.

Nígbà tí délégué, olórí tí ìjọba yàn fún ìlú náà, bi mí bí òkun ṣe gbé ìyá rẹ lọ, ojú tì mí láti sọ òótọ́. Lásìkò yẹn, ìjọba ń kó àwọn arúgbó tí wọ́n bá pè ní àjẹ́ sí àtìmọ́lé. Mo ní, "Obìnrin yìí ti sọ ọ́ láàárọ̀ pé òkun máa gbé èèyàn. Òun ló rán òkun sí wa." Ìkìlọ̀ tó fẹ́ fi gbà wá là ni mo fi dè é.

Mama Marthe, tó dúró tì wá, yíjú sí mi. "Ọmọ mi, o wà níbẹ̀. Sọ ohun tí o rí."

Mo kẹ̀yìn sí i.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú rédíò. Ó ti há pátápátá. Ó ń jẹ́wọ́ pé òun ló pa Sìdíkátù. Gbogbo agbo ilé ń ṣépè fún un, mo sì kọ́ ìwọ ọmọ ọdún méje bí o ṣe máa ṣẹ́ tìrẹ. Inú àtìmọ́lé ló kú sí. Ojú ń tì mí, Àsíátù, ojú ń tì mí gan-an.

Léontine ọmọ Mama Marthe ṣì wà ní Grand-Popo. Títí di òní, ọmọ àjẹ́ ni wọ́n ń pè é. Lọ bá a lọ́la, kí o sọ gbogbo rẹ̀ lójú àwọn ará àdúgbò rẹ̀, kí o sì dárúkọ mi. Bí ó bá wù ọ́ láti dárí jì mí, dúró ná. Jẹ́ kí Léontine kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.