Òkúta Tí Mo Tò Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àsíá

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ pa rédíò yẹn. Dókítà ní mi ò ní í rí yìnyín ọdún tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò sì gbọ́dọ̀ bá mi wọlẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ tèmi ku ọdún kan kó pé ogún.

Ìjọba Kánádà ló rán èmi àti Palluq, ẹ̀ṣọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, pé ká lọ ri àsíá sẹ́gbẹ̀ẹ́ inuksuk àwọn bàbá wa, kí ọkọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn lè mọ̀ pé òkun àríwá yìí ní onílé. Ẹ mọ̀ pé níbi tí òkúta tí a tò bí èèyàn yẹn dúró sí, yìnyín kì í já. Ó ku ìrìn ọjọ́ méjì ká débẹ̀ nígbà tí ìjì dé. Ọ̀lẹ ni mí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Mo ní, "Palluq, fọ́tò ṣáà ni wọ́n fẹ́. Jẹ́ ká to tiwa síbí."

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ta ló ń fi òkúta parọ́?"

Mo tò ó, mo ri àsíá, a ya fọ́tò, mo sì fa àsíá náà yọ. Palluq ní, "Ó yá, tú òkúta náà ká." Mo ní màá padà wá tú u. Mi ò padà.

Lóṣù kejì, Nutarak, ọkọ Ulayuk àbúrò mi, ń ti ìgbẹ́ ọdẹ bọ̀ nínú kùrukùru. Ó rí òkúta mi, ó gbà á gbọ́, ó sì gun yìnyín níbẹ̀. Ẹ̀yin náà rí ipa ọkọ̀ yìnyín rẹ̀ láti ẹsẹ̀ òkúta títí dé ẹnu ihò tí òkun ti gbé e mì.

Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo pé, "Àwọn ará ọkọ̀ àjèjì ló tò ó! Wọ́n fẹ́ lé wa kúrò létí òkun wa!"

Ulayuk wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, àjèjì wo ló mọ bí bàbá wa ṣe ń to èjìká òkúta?"

Láti ọjọ́ yẹn ni ara ti ń fu mí. Bó bá gbé ọbẹ̀ wá fún mi, màá kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Bí ẹni méjì bá rẹ́rìn-ín, èmi ni wọ́n ń sọ.

Ìyẹn gan-an kò burú tó èyí. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Èmi na ìka ẹlòmíì síta. Mo sọ fún àwọn àgbà pé Palluq ló dá padà lọ tò ó. Ó sọ òótọ́ fún yín. Mo fi ìwé tí ìjọba lù lóǹtẹ̀ hàn yín, pé a dé ibi tí wọ́n rán wa. Ó ní, "Siaku, wo ojú mi kó o sọ ọ́." Mo wo ojú rẹ̀, mo sì sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò bá a ṣọdẹ mọ́ títí ó fi kó lọ sí gúúsù.

Ẹ̀yin ọmọdé, ibi tí ẹ ò dé, ẹ má sọ pé ẹ dé e. Ulayuk, mi ò ní kó o dárí jì mí lónìí. Pe Palluq lórí fóònù kí èémí mi tó tán. Má bá mi bẹ̀ ẹ́. Ṣáà gbé fóònù náà sí mi lẹ́nu.