Ẹyẹ Tí Mo Mú Lọ Sídìí Aró

Ẹ̀yin ọdẹ Ìbòkun, ẹ jókòó. Ẹ yé pè mí ní olóòótọ́. Ikú ti dé ẹnu ọ̀nà mi, n kò sì lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàárè.

Àwọn àgbà inú yín rántí Kiráúsì, òyìnbó Jámánì tó ń kó ẹyẹ jọ. Láti kékeré ló ti ń kó kòkòrò jọ nílùú wọn. Nígbà tó dàgbà, wọ́n fi ilé ńlá tí wọ́n ń tọ́jú òkú ẹyẹ sí síkàáwọ́ rẹ̀. Èmi ni mo ń mú un wọ igbó láti ọdún 1963. N kò fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì ní torí ikú purọ́ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹyẹ kan tí àwọn òyìnbó kò mọ̀ rí, tí mo fi hàn án, orúkọ òun fúnra rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Mo ní èmi ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ògúndélé, ojú mi lo jẹ́ nínú igbó. Ojú kì í sọ̀rọ̀.” Mo di í sínú.

Nígbà tó ku ọ̀la kó wọ rélùwéè ní Òṣogbo padà sílùú wọn, mo mú òkú àdàbà kan lọ bá Nọ́síràtù, àbúrò ìyàwó mi, tó ń rẹ aṣọ láró lẹ́yìn Ọjà Ọba. Mo ní kó fi aró kun ọrùn rẹ̀. Ó ní ẹyẹ kì í ṣe aṣọ, pé aró náà yóò ṣí. Mo ní eré ni mo fẹ́ fi ṣe. Ìkà ni mí, ẹ gbọ́. Ojú òyìnbó ti ń ṣe bàìbàì, ó sì ń kánjú. Mo ní inú igbó ni mo ti pa á bẹ́ẹ̀. Ó gba ẹyẹ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀.

Nílé wọn, ó kéde pé òun rí ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi omi nù ún, aró jáde. Wọ́n ní Kiráúsì fúnra rẹ̀ ló kun ẹyẹ náà láró láti fi tàn wọ́n jẹ. Ní 1971, ó mú méjì nínú wọn wá sílé mi. Ó ti rù hangogo. Ó sọ fún wọn pé ọdẹ Ìjẹ̀ṣà kì í fi irin purọ́, pé ohunkóhun tí mo bá fi irin búra, òun fara mọ́ ọn. Mo gbé àdá mi, mo fi ahọ́n kàn án, mo ní, “Òun fúnra rẹ̀ ló kùn ún. Ìṣojú mi ni.”

Òyìnbó kò bú mi. Ó yíjú sí wọn, ó ní òun ti sọ pé òun fara mọ́ ọn. Nígbà tí Nọ́síràtù gbọ́, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti pa ọkùnrin yẹn.” Òótọ́ ló sọ. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi kú.

Ògún kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ̀yin gan-an lẹ ní mo láyà, tí mo lè jẹ́rìí lòdì sí òyìnbó, lẹ bá fi mí ṣe olórí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má rò pé irin tí kò pa èké ti dárí jì í. Bí mo bá kú, ẹ má ṣípà ọdẹ fún mi, ẹ má sun ìrèmọ̀jé. Ẹ sin mí bí ẹni tí kò gbé ìbọn rí. Òyìnbó yẹn gba irin wa gbọ́ jù mí lọ. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí mo ṣì kórìíra rẹ̀, n kò lè tọrọ rẹ̀ dáadáa.